Ó Ti Múra: Ọ̀rọ̀ Kan Láti Inú Láàbù Wa

Tólú, ọmọ àbúrò mi, ló kó mi sí wàhálà yìí. Ó ń kọ́ nípa àwọn kòkòrò tí ojú lásán kò lè rí ní yunifásítì, òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì ń rò ó bóyá kí wọ́n fi iṣẹ́ láàbù ilé ìwòsàn ṣe iṣẹ́ ayé wọn. Ó ní, "Màmá, ẹ̀yin tí ẹ ṣe é títí tí ẹ fi fẹ̀yìn tì, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ fún wa." Mo ní ohun tí mo máa kọ kò ní dùn. Ó ní kí n ṣáà kọ ọ́. Ó dáa. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ sún mọ́ mi, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń wá ọ̀rọ̀ ìṣírí, kó lọ bá pásítọ̀.

Ìjẹ̀bú-Imùṣin ni wọ́n ti bí mi. Bàbá mi jẹ́ olùkọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì, ìyá mi ń yan gààrí. Mo kàwé, mo yege, wọ́n gbà mí sí láàbù ilé ìwòsàn kan ní Ìjẹ̀bú-Òde tí n kò ní dárúkọ rẹ̀. Ní ti owó oṣù, ẹ jẹ́ ká fò ó. N kò tíì rí ẹni tó ti ibi owó láàbù sanra rí.

Ọmọ Ayépé ni ọ̀gá mi. Ọ̀gá Ayépé ni gbogbo wa ń pè é, ó sì gbà bẹ́ẹ̀. Ọkùnrin gíga tẹ́ẹ́rẹ́ ni, kóòtù funfun rẹ̀ sì le fún sítáàṣì débi pé a máa ń gbọ́ ìró rẹ̀ kí a tó rí ojú rẹ̀. Kì í pariwo. Bí inú bá bí i, á pa Yorùbá tó ń bá àwọn dókítà sọ tì, á bọ́ sínú Ìjẹ̀bú, á ní, "Ìwẹ!" Kò ní sọ jù "ìwọ" yẹn lọ. Ẹni tó bá gbọ́ "Ìwẹ!" yẹn láàárọ̀, oúnjẹ ọ̀sán kò ní gba ọ̀fun rẹ̀ kọjá.

Ẹ̀yin tí ẹ rò pé ọjọ́ tí ẹ bá wọ láàbù ni ẹ ó jókòó sídìí maikirosíkóòpù, ẹ rọra. Fífọ ìgò ni mo kọ́kọ́ kọ́. Lẹ́yìn ìgò, ó kan àgùntàn. Àgùntàn wà lẹ́yìn láàbù wa, torí pé àwo tí a fi ń sin kòkòrò, ẹ̀jẹ̀ la fi ń po oúnjẹ inú rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ àgùntàn ló sì dára jù. Èmi ni mo ń dì wọ́n mú. Àgbò kan wà níbẹ̀ tó mọ̀ mí dáadáa. Bó bá ti rí mi pẹ̀lú abẹ́rẹ́, á kọ ìdí sí mi bí ẹni tí mo jẹ ní gbèsè.

Nígbà tí mo wá dé ìdí maikirosíkóòpù, gíláàsì tí kò sí nǹkan kan lórí rẹ̀ ni Ọ̀gá ń gbé fún mi. Òní, gíláàsì òfìfo. Ọ̀la, gíláàsì òfìfo. Mo fara dà á títí, mo wá ní, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́ sà, kò sí nǹkan kan níbí."

Ó ní, "Ṣé ó dá ọ lójú?"

Mo ní, "Ó dá mi lójú, sà."

"Ó dáa. Ẹni tí kò mọ bí òfìfo ṣe rí, ibi tí kò sí nǹkan ni yóò ti máa rí nǹkan. Ẹni ẹlẹ́ni ni yóò sì fi ìyẹn pa."

Ẹ̀kọ́ tó fẹsẹ̀ mi múlẹ̀ nìyẹn, n kò jẹ́ parọ́. Mo bínú sí i nígbà yẹn, ṣùgbọ́n ẹni tó bá máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké.

Ọjọ́ tó wá fi kòkòrò gidi hàn mí, inú ọyẹ́ ni. Wọ́n gbé omi tí wọ́n fà láti inú ọ̀pá ẹ̀yìn ọkùnrin kan wá. Omi yẹn yẹ kó mọ́ gaara bí omi ẹ̀rọ. Èyí ṣú bí omi ìrẹsì. Ọ̀gá kán íńkì dúdú díẹ̀ sí i lórí gíláàsì, ó ní kí n wo ohun tí mo bá rí. Gbogbo ibẹ̀ dúdú, ṣùgbọ́n nínú òkùnkùn náà, mo rí àwọn nǹkan róbótó tí wọ́n so pọ̀ ní méjìméjì bí ìbejì, ohun funfun kan sì yí wọn ká. Íńkì kò lè wọ ibi funfun náà. Mo ní, "Ọ̀gá, kí ló yí wọn ká?"

Ó ní, "Aṣọ wọn ni. Ṣúgà ni wọ́n fi hun ún."

Mo rẹ́rìn-ín. Mo rò pé ó ń bá mi ṣeré ni. Ọ̀gá Ayépé kì í ṣeré.

Ó jókòó. Ìyá rẹ̀, ahunṣọ ni ní Ayépé, ó sì fẹ́ràn láti máa fi iṣẹ́ ìyá rẹ̀ ṣe àlàyé. Ó ní, "Nílé ahunṣọ, ṣé ẹnì kan ṣoṣo ló ń dá gbogbo iṣẹ́ ṣe?" Mo ní rárá, ẹni tó ń gbọn òwú wà, ẹni tó ń ran án wà, ẹni tó ń pa á láró wà, kó tó dé ọwọ́ ẹni tó jókòó sídìí òfì. Ó ní bẹ́ẹ̀ náà ló rí nínú kòkòrò yẹn. Purotéènì ni àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀. Ọ̀kan á mú ṣúgà tí kòkòrò náà jẹ, á tún un ṣe kó lè ṣeé hun. Òmíràn á fi ẹyọ kan kọ́ sára èèkàn ọ̀rá kan nínú ara kòkòrò náà, àwọn mìíràn á sì máa so ẹyọ mọ́ ẹyọ, oníkálukú pẹ̀lú ṣúgà tirẹ̀, ẹnì kan kì í gba iṣẹ́ ẹnì kejì ṣe. Bí ègé kékeré bá pé, ẹnì kan wà tí iṣẹ́ tirẹ̀ kò ju kó yí i láti inú bọ́ síta. Níta ni òmíràn ti ń so ègé mọ́ ègé títí á fi gùn, wọ́n á sì rán an mọ́ ògiri kòkòrò náà kó má baà ṣí kúrò. Kì í ṣe pé Ọ̀gá mọ gbogbo èyí nígbà yẹn o. Ẹni tó ń tún ṣúgà ṣe àti ẹni tó ń so ó pọ̀ ló mọ̀. Ìyókù, Tólú ló bá mi fi kún un.

Mo bi Ọ̀gá léèrè ohun tí kòkòrò fẹ́ fi aṣọ ṣe. Ó ní, "Aṣọ là ń kí kí a tó kí ènìyàn. Àwọn ọmọ ogun inú ẹ̀jẹ̀ wa, bí wọ́n bá gbá oníhòòhò mú, wọ́n á gbé e mì. Bí wọ́n bá gbá aláṣọ mú, á yọ̀ bọ́ lọ́wọ́ wọn bí ẹja àrọ̀. Ìgbà tí wọ́n á fi mọ irú ẹni tó jẹ́, ó ti bímọ, ọmọ rẹ̀ ti bímọ."

Ọkùnrin tó ni omi náà kú. Mi ò mọ̀ ọ́n, mi ò sì sunkún. Ohun tó ń dùn mọ́ mi nínú ni pé mo ti rí aṣọ kòkòrò. Bí ọ̀dọ́ ṣe rí nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n wá sórí ọ̀rọ̀ náà gan-an, torí pé ọ̀rọ̀ ló ń yọ obì lápò, òun náà ló ń yọ ọfà lápó.

Fèrèsé láàbù wa kọjú sí ọ̀nà tí àwọn ènìyàn ń gbà lọ sí wọ́ọ̀dù. Àwọn ẹbí aláìsàn a máa dúró síbẹ̀, wọ́n á fi etí lé gíláàsì fèrèsé. Lọ́jọ́ kan, ẹnì kan nínú wa pe orúkọ àìsàn ọmọ kan sókè nínú láàbù. Ìyá ọmọ náà wà níta, ó gbọ́, ó sì ṣubú lulẹ̀ gbalaja, ó fi orí gbá kọnkéré. Láti ọjọ́ náà ni Ọ̀gá Ayépé ti fòfin dè é: a kò gbọdọ̀ pe orúkọ àìsàn kankan mọ́ nínú láàbù. Òun ló fún wa ní ọ̀rọ̀ tí a ó máa lò. Bí a kò bá rí kòkòrò, a ó ní, "Kò sí àlejò." Bí a bá rí kòkòrò tí kò ní aṣọ, a ó ní, "Ìhòòhò ló wà." Bí a bá wá rí aláṣọ, èyí tó ń pani, a ó ní, "Ó ti múra."

Àánú ló fi ṣe é. Mo fẹ́ kí ẹ rántí ìyẹn. Àánú ni.

Ọ̀rọ̀ náà mọ́ wa lẹ́nu débi pé a kò rántí mọ́ pé ó ní ìtumọ̀ mìíràn. Àwọn dókítà náà ń lò ó. Sàlámì, ọmọ Ọ̀yọ́ tó wá bá wa ṣiṣẹ́ lẹ́yìn mi, kò tíì lò tó oṣù kan tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ bí ẹni tí wọ́n bí sínú láàbù.

Àwọn ohun èlò ń yí padà. Maikirosíkóòpù tí mo bá níbẹ̀, dígí ló fi ń gba ìmọ́lẹ̀ oòrùn, ẹ̀gbẹ́ fèrèsé la sì ń gbé e sí. Ní kété tí àwọn ọdún 1980 bẹ̀rẹ̀, wọ́n gbé èyí tó ń lo iná mànàmáná dé, a dúpẹ́, a jó. Kò pẹ́ tí iná fi bẹ̀rẹ̀ sí í lọ láàárọ̀, kó lọ lọ́sàn-án. A tún gbé onídígí jáde, a nu eruku ara rẹ̀, a padà sídìí fèrèsé. Àpótí tí a fi ń mú àwọn àwo móoru, sítóòfù kẹrosíìnì la fi ń dáná sí i lábẹ́. Kòkòrò tí mò ń sọ yìí fẹ́ irú afẹ́fẹ́ tí à ń mí jáde, nítorí náà a ó to àwọn àwo sínú agolo bisikíìtì ńlá, a ó tan àbẹ́là sí i, a ó dé e pa. Bí àbẹ́là bá jó tí kò rí afẹ́fẹ́ mọ́, á kú fúnra rẹ̀, kòkòrò á sì máa gbádùn. Láàárín àwọn ọdún yẹn, ohun gbogbo ń dín kù, oògùn ń dín kù, ìgò ń dín kù. Kòkòrò nìkan ni kò dín kù.

Mo fẹ́ tíṣà. Ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìmọ̀ ìṣirò ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan nílùú. A bí Fẹ́mi, lẹ́yìn náà a bí Ìbùkún. A kò ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ká tó fẹ́ ara wa. Ta ló ń ṣe é nígbà yẹn? Nígbà tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ Ìbùkún bẹ̀rẹ̀ sí í wú, Ọ̀gá Ayépé ló ṣe àyẹ̀wò rẹ̀, torí òfin rẹ̀ ni pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ yẹ ti ẹbí rẹ̀ wò. Ó ní, "Ojú ìyá kì í kàwé lára ọmọ." Fòníkúfọ̀ladìde ni, àrùn ẹ̀jẹ̀ tí ọmọ ń jogún lọ́dọ̀ ìyá àti bàbá.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ gbọ́ ìdí tí àìsàn yìí fi bá aṣọ kòkòrò tan. Ẹ̀yà ara kan wà ní apá òsì lábẹ́ egungun ìhà, òun ló ń sẹ́ ẹ̀jẹ̀, òun nìkan ló sì mọ bí a ṣe ń di aláṣọ mú dáadáa. Nínú ọmọ tó ní fòníkúfọ̀ladìde, ẹ̀yà yìí tètè máa ń kú. Mo mọ èyí. Mo mọ̀ ọ́n ju bí mo ṣe mọ ọ̀nà ilé mi lọ. Láti ọjọ́ tí Ọ̀gá ti fún mi ní èsì ẹ̀jẹ̀ ọmọ mi, mo mọ orúkọ ẹni tó ń bọ̀ wá gbé e, mo mọ aṣọ tó máa wọ̀, mo mọ àwọn tó ń hun ún fún un. Ohun tí n kò mọ̀ kò ju ọjọ́ tó máa dé lọ.

Dókítà wa kan sọ fún mi pé wọ́n ti ń fún àwọn ènìyàn ní abẹ́rẹ́ àjẹsára kan ní òkè òkun. Ṣúgà inú aṣọ náà gan-an ni wọ́n fi ṣe é, kí ara lè ti mọ aṣọ náà kó tó rí ẹni tó wọ̀ ọ́. Mo bẹ àbúrò ọkọ mi tó ń ṣe nọ́ọ̀sì ní Lọ́ńdọ̀nù. Ó kọ̀wé padà pé inú yìnyín ni abẹ́rẹ́ náà ń gbé, kò ṣeé fi ránṣẹ́ bí ẹni ń fi bàtà ránṣẹ́, àfi kí a gbé ọmọ wá. Báwo la ṣe fẹ́ gbé e lọ? Mo wá ń fún un ní pẹnisilíìnì lójoojúmọ́. Nígbà tó yá, a kì í rí pẹnisilíìnì mọ́ àfi lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Mo máa ń po gúlúkóòsì fún un kó lè ní okun.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ọmọ náà ṣe rí. Ó tín-ín-rín, ojú rẹ̀ máa ń pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ẹnu rẹ̀ sì mú bí abẹ. Lọ́jọ́ Ìsinmi, òun ló máa ń kọ́kọ́ wọṣọ tán nílé wa. Á lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà nínú aṣọ olómi òfééfèé rẹ̀ tó ní léèsì lọ́rùn, ìbọ̀sẹ̀ funfun, bàtà dúdú, á wá kígbe pé, "Mo ti múra o! Ta ló kù?" Bàbá rẹ̀ á ní, "Èmi ni, ìyá mi, ẹ dákun ẹ má fi mí sílẹ̀." Gbogbo ọjọ́ Ìsinmi ni wọ́n ń ṣe é. Bí mo ti gbọ́ ọ tó, kò wá sí mi lọ́kàn rí pé ọ̀rọ̀ kan náà ni à ń sọ ní láàbù.

Ọmọ ọdún mẹ́fà ni nígbà tí ọyẹ́ ọdún yẹn dé. Ó jí pẹ̀lú ibà, ó ń sọ pé orí ń fọ́ òun. Mo ní kó gbé orí sókè, ọrùn rẹ̀ kò tẹ̀. Mo mọ̀. Mo pọ̀n ọ́n, mo gba ilé ìwòsàn lọ. Ọkọ mi ti lọ síbi iṣẹ́, mo rán Fẹ́mi sí i kó wá bá wa. Dókítà fa omi ẹ̀yìn rẹ̀, wọ́n gbé e lọ sí láàbù, èmi sì jókòó ní wọ́ọ̀dù, mo di ọwọ́ ọmọ mi mú. Mo fẹ́ dìde lọ wò ó fúnra mi. Òfin Ọ̀gá dá mi dúró, ìbẹ̀rù sì ràn án lọ́wọ́.

Ibi tí mo wà ni Sàlámì ti sáré wọlé bá mi. Ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ó ní, "Màmá Fẹ́mi, ẹ dárí jì mí. Tíṣà wá sí fèrèsé wa."

Mo ní, "Kí ló dé? Níbo ló wà?"

"Ó ní wọn kò jẹ́ kí òun wọ wọ́ọ̀dù, pé àkókò àbẹ̀wò kò tíì tó. Ó wá bi mí pé báwo ni Ìbùkún. Mo rò pé ẹ̀yin ti kọ́ ọ ní ọ̀rọ̀ wa nílé."

"Sàlámì, kí lo sọ fún un?"

Ó wolẹ̀. Ó ní, "Mo ní ó ti múra."

Bí mo ṣe gbọ́ èsì àyẹ̀wò ọmọ mi nìyẹn. Mo bi í pé kí ni ọkọ mi wí. Ó ní, "Ó gbá ọwọ́ mi mú, ó ní, 'Olúwa ṣeun o! Ẹ ṣeun o!' Ó ní òun ń sáré lọ sílé, òun ń bọ̀. Mo pè é, mo pè é, ìró alùpùpù rẹ̀ kò jẹ́ kó gbọ́."

Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá bọ́ sílẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Mi ò bá Sàlámì bínú. Kí ló ṣe? Èdè iṣẹ́ wa ló sọ. Nínú Yorùbá, "ó" kan náà ni kòkòrò, òun náà ni ọmọ.

Wọ́n fún un ní oògùn tí wọ́n ní. Abẹ́rẹ́ pẹnisilíìnì kò sí ní ilé ìpamọ́ oògùn lọ́jọ́ náà. Wọ́n rán ènìyàn lọ wá a káàkiri ìgboro, wọ́n fi òmíràn dì í mú. Ojú rẹ̀ wà ní ṣíṣí ṣùgbọ́n kò mọ̀ mí mọ́. Mo ń wo àyà rẹ̀ tó ń lọ sókè sódò, mo sì ń ronú nípa àwọn òṣìṣẹ́ yẹn nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, bí wọ́n ṣe ń mú ṣúgà, tí wọ́n ń so ó, tí wọ́n ń yí i síta, láìsinmi, láìbínú sí ẹnikẹ́ni. Ṣúgà ara rẹ̀ ni wọ́n ń lò. Gúlúkóòsì tí mo po fún un wà nínú rẹ̀.

Nígbà tí bàbá rẹ̀ dé, wọ́n jẹ́ kó wọlé. Ó ti bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì iṣẹ́, ó wọ bùbá àti ṣòkòtò. Aṣọ olómi òfééfèé yẹn wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ká a dáadáa, ó fi ìbọ̀sẹ̀ sínú bàtà. Ó ń rẹ́rìn-ín bọ̀ láti ẹnu ọ̀nà wọ́ọ̀dù. Ó ní, "Ìyá mi dà? Wọ́n ní ẹ ti múra, ẹ ń retí mi. Mo ní ẹ kò lè wọ aṣọ ilé ìwòsàn gba àárín ìlú kọjá."

Ó wá rí i. Ó wo èmi náà. Ó ní, "Ṣé oorun ló ń sùn?"

Mo ní, "Bàbá Fẹ́mi, ẹ jókòó."

Ó ní, "Wọ́n ní ó ti múra."

Mo ní, "Kòkòrò náà ni."

Ó ní, "Kòkòrò wo?"

Ọdún tí mo lò lẹ́nu iṣẹ́ yìí kò kéré, mo ti ṣàlàyé aṣọ kòkòrò fún nọ́ọ̀sì, fún dókítà tuntun, fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Lọ́jọ́ náà, àga ni mo fà sún mọ́ ọn. Ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó gbé bàtà náà lé orúnkún rẹ̀. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti parí. Ẹni tó lọ wá pẹnisilíìnì kò tíì dé.

Àwọn àgbà gba ọmọ lọ́wọ́ wa, torí pé òbí kì í sin ọmọ, òbí kì í sì í mọ ibi tí wọ́n sin ín sí. Ọkọ mi na aṣọ àti bàtà náà sí wọn. Àwọn ni wọ́n wọ̀ ọ́ fún un.

Àwọn ènìyàn wá kí wa, wọ́n ń sọ ohun tí wọ́n máa ń sọ: omi ló dànù, agbè kò fọ́. Mo ń dáhùn pé àmín. Irọ́ ni mò ń pa. Agbè náà fọ́. Ọ̀gá Ayépé náà wá. Ó jókòó sórí àga, kóòtù rẹ̀ kò ní sítáàṣì lọ́jọ́ náà, kò mu omi, kò sọ pé omi dànù. Nígbà tó fẹ́ máa lọ, ó dọ̀bálẹ̀ fún ọkọ mi, ọkùnrin tí kò ju ọmọ rẹ̀ lọ ní ọjọ́ orí. Ọkọ mi fà á dìde, ó ní, "Bàbá, kí ni ẹ ṣe?" Láti ọjọ́ náà, a kò gbọ́ "ó ti múra" ní láàbù wa mọ́. Ọ̀gá fẹ̀yìn tì kí ọyẹ́ mìíràn tó dé. Mo gbọ́ pé kò wọ láàbù kankan mọ́ títí ó fi kú.

Mo padà síbi iṣẹ́. Níbo ni mo fẹ́ lọ? Kòkòrò tí wọ́n rí nínú omi ẹ̀yìn Ìbùkún wà níbẹ̀, wọ́n ti sìn ín sínú àwo, gẹ́gẹ́ bí a ṣe ń tọ́jú irú rẹ̀ fún kíkọ́ àwọn tuntun. Sàlámì fẹ́ fi omi gbígbóná sè é pa, kó dà á nù nítorí mi. Mo ní kó fi sílẹ̀. Èmi ni mò ń tọ́jú rẹ̀, mò ń gbé e láti àwo dé àwo, mò ń tan àbẹ́là fún un. Ẹ má bi mí ní ìdí. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ó ń dán lórí àwo, ó ń yọ̀, ó sanra. Bí oṣù ti ń lọ, mo rí àwọn kan láàárín wọn tó gbẹ, tó kéré, tí kò dán. Nígbà tó yá, àwọn gbígbẹ ló kún àwo. Mo kán íńkì dúdú sí i. Íńkì náà lọ títí dé ara rẹ̀. Kò sí aṣọ mọ́.

Ohun tó fà á kò le láti yé ni. Aṣọ híhun ń ná kòkòrò ní okun. Lórí àwo, kò sí ọmọ ogun, kò sí ẹni tó ń lé e. Bí ọ̀kan ṣoṣo nínú àwọn òṣìṣẹ́ yẹn bá ti bàjẹ́, gbogbo ilé ahunṣọ dúró, oníhòòhò tó bá jáde nínú irú rẹ̀ á sì bímọ ju aláṣọ lọ. Ọ̀kan ṣoṣo péré. Mo jókòó sídìí fèrèsé yẹn, mo sunkún tí n kò sun nígbà tí ọmọ mi kú. Ó bọ́ aṣọ fúnra rẹ̀, láìsí ẹni tó bẹ̀ ẹ́, nígbà tí kò sí ẹni tí yóò ṣe láǹfààní mọ́.

Mo ṣe iṣẹ́ náà títí wọ́n fi ní kí n lọ sinmi. Mo rí àwọn ẹ̀rọ tuntun, mo rí àwọn ọmọ tuntun. Abẹ́rẹ́ àjẹsára náà ti dé Ìjẹ̀bú báyìí, wọ́n so ṣúgà aṣọ náà mọ́ purotéènì kan kí ara ọmọ ọwọ́ lè kọ́ ọ, wọ́n ń gún àwọn ọmọ lórí ẹsẹ̀ àwọn ìyá wọn. Àwọn ìyá ń kùn pé ọmọ máa sunkún. Mo máa ń kọjá, n kì í dúró wò. Mo bi Tólú pé ṣé wọ́n ti rí oògùn tó lè dá ẹyọ kan ṣoṣo nínú àwọn ahunṣọ náà dúró. Ó ní, "Wọ́n ṣì ń wá a, Màmá. Kò tíì dé ọ̀dọ̀ aláìsàn."

Ṣé ẹ fẹ́ ṣe iṣẹ́ yìí? Ẹ ṣe é bó bá wù yín. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ẹni tó bá mọ ọ̀tá ti ṣẹ́gun rẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n dé ìdí okùn aṣọ rẹ̀, ó sì gbé ọmọ mi lọ lójú mi.

Ọkọ mi wà láàyè, ó ti darúgbó. Fẹ́mi àti àwọn ọmọ rẹ̀ máa ń wá, a sì ti kọ́ wọn, láìsọ ìdí rẹ̀, pé nílé wa, a kì í bi ẹnikẹ́ni bóyá ó ti múra. Lọ́jọ́ Ìsinmi, bí mo bá ti wé gèlè tán, ọkọ mi á mú ọ̀pá rẹ̀, a ó lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà. A kì í tètè jáde. A máa ń dúró níbẹ̀ díẹ̀, bí ẹni pé ó ku ẹnì kan tó yẹ kó kígbe. Lẹ́yìn náà á ní, "Ó yá." A ó ti ilẹ̀kùn.